Ẹ kọ orúkọ lébìrà sílẹ̀ kí ó tó gun òkè



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín tí tolórí tẹlẹ́mù ń kà, kí n fi sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń dùn mí lọ́kàn tipẹ́ nípa àwọn tí ń bá wa kọ́lé ní agbègbè wa yìí, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà títí wọ Okokomaiko, pàápàá jùlọ ní ọjà Àlàbá. Bí ilé bá wó ní Èkó, gbogbo wa ni a máa ń pariwo fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà kálukú a padà sídìí òwò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi kì í ṣe ti ilé tí ó wó nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà lórí ilé náà ni, ìbáà wó, ìbáà má wó.

Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tí ó bá tètè jáde ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ní Ìyànà Ìbà tàbí ní Okokomaiko yóò rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n dúró lẹ́bàá títì, tí àwọn mìíràn gbé ṣọ́bìrì àti páànù dání. Fóòmáànù á dé, á nawọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún: "Ìwọ, ìwọ, àti ìwọ, ẹ wọlé sínú ọkọ̀." Wọ́n á ná owó ọjọ́ náà díẹ̀, ó parí. Kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n pé kí ni orúkọ wọn, níbo ni wọ́n ti wá, ta ni kí a ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ti wà lórí àjà kẹta pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀.

Ní tèmi o, ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ààbò níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́, akoto, bàtà búùtù àti ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń dárúkọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra akoto fún ẹni tí a kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ẹni tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a kò tíì ka ẹ̀mí rẹ̀ sí nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká rántí Ìkòyí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard wó lulẹ̀. Ó lé ní 40 ènìyàn tí ó kú, ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà sì wà lára wọn. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí wọ́n ti ń gbé òkú jáde lọ́jọ́ kìn-ín-ní, lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, kò sí ẹnì kan tí ó lè fi ọwọ́ sọ àyà pé, "Iye àwọn tí ó wà nínú ilé yìí nígbà tí ó wó nìyí." Ìjọba ní láti ṣí ìwé síbẹ̀ kí àwọn ẹbí máa wá kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń wá. Ìwé tí ó yẹ kí ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí ilé wó tán ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ọ́, ẹkún ni a sì fi ń kọ ọ́.

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ilé náà wó, lẹ́tà kan bọ́ sí gbangba. Ilé-iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà kan tí ó bá wọn ṣe nínú iṣẹ́ náà ti kọ̀wé láti oṣù kejì ọdún 2020 pé àwọn yọwọ́, nítorí pé ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà lọ kò bá àwọn lára mu mọ́. Ẹ wò ó dáadáa: ẹnjiníà mọ̀, ẹni tí ó ni iṣẹ́ mọ̀. Àwọn tí ń ru kọnkéré lọ sókè lójoojúmọ́ ńkọ́? Ta ni ó ka lẹ́tà yẹn sí wọn létí? Bí ẹnjiníà bá lè kó ìwé rẹ̀ kí ó máa lọ nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ṣé kò yẹ kí lébìrà náà mọ̀, kí òun náà lè pinnu bóyá kí òun gùn ún tàbí kí òun má gùn ún?

Ọdún kan kò pé dáadáa lẹ́yìn náà tí ilé alájà méje tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Oniru, ní Victoria Island, tún wó. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni, ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ẹlòmíràn ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Ènìyàn mẹ́fà ni ó kú. Kọmíṣọ́nnà tí ó wà fún ètò ilé kíkọ́ nígbà náà, Dókítà Idris Salako, fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá kan lọ, ọ̀gá mìíràn dé. Bí wọ́n ti ń mú lébìrà lẹ́bàá títì kò yí padà.

Ẹnì kan lè sọ pé ilé àwọn olówó ni ìwọ̀nyí, Ìkòyí sì jìnnà sí Àlàbá. Kò jìnnà rárá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, LASBCA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tí ń bójú tó ilé kíkọ́, wá sí ọjà Àlàbá, wọ́n kéde ilé 17 pé ara wọn kò le mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó wọn. Àwọn oníṣòwò fárí gá. Àwọn kan ní a kò fún àwọn ní àkókò tí ó tó, àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ìjọba ní àwọn ti kọ̀wé sí wọn tipẹ́. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé nínú gbogbo àríyànjiyàn náà, ọjà ni a ń sọ, ṣọ́ọ̀bù ni a ń sọ, ẹ̀yà ni a ń sọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti àwọn wo ni wọ́n fi ẹ̀mí wọn wewu lórí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Àlàbá mọ bí nǹkan ti ń lọ. Ilẹ̀ níye lórí, ọ̀nà há, òwò kò sì fẹ́ dúró. Ẹni tí ó ní ilé alájà kan tẹ́lẹ̀ yóò fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́ta láìjẹ́ kí àwọn tí ń san owó ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ jáde. Nítorí náà, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń tà, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, oníbàárà ń wọlé, ó ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni bíríkìlà wà lókè tí ó ń to búlọ́ọ̀kù. Igi àti pákó tí wọ́n so mọ́ ara ilé láti gùn, okùn ni wọ́n fi dè é, ó sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wáyà iná. Alábàárù ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, kò wòkè. Bí búlọ́ọ̀kù kan bá já bọ́, kò ní béèrè bóyá òṣìṣẹ́ ni ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ tàbí ẹni tí ó wá ra rédíò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò mọ ohun tí ó dára. Lójú ọ̀nà Àgbádárìgì níbi tí iṣẹ́ títì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2009, àti níbi ojú irin tí wọ́n ń mú bọ̀ láti Mile 2 sí Okokomaiko, a máa ń rí òṣìṣẹ́ tí ó dé akoto, tí ó wọ bàtà búùtù àti ẹ̀wù tí ń dán. Irú ènìyàn kan náà ni wọ́n. Ẹni tí ó dé akoto lójú irin lóṣù yìí lè wọ sílípáàsì ní Àlàbá lóṣù tí ń bọ̀. Ọ̀gá tí ó wà níbẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ibì kan ní ẹnu ọ̀nà àti ẹni tí ń ka èrò. Ibì kejì, ẹni tí ó bá wù ú ni ó ń wọlé.

Èmi fúnra mi rí ọ̀kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. N kò ní dárúkọ ilé náà tàbí ẹni tí ó ni ín. Pákó tí ọmọ kan dúró lé yẹ̀, ó sì já láti àjà kejì. Wọ́n bu omi sí i lójú, wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà, ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú. Èmi tẹ̀lé wọn. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ. Ẹni tí ó gbé e wá ní, "Kútọ̀nú ni gbogbo wa ń pè é." Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìlú nìyẹn, orúkọ ni mo béèrè." Kò mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti jọ ń ru omi, tí wọ́n jọ ń jẹun, kò mọ orúkọ rẹ̀, kò mọ ilé rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ ṣẹ́, n kò sì rò pé ó tún lè ru kọnkéré mọ́. Nígbà tí mo kọjá níbi iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti mú ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Pákó kan náà ni ó dúró lé.

Nígbà tí a ń wá ẹni tí yóò san owó ìwòsàn, onílé ní òun ti gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe ní fóòmáànù ni ó mú àwọn lébìrà wá, òun kò mọ̀ wọ́n. Fóòmáànù pa fóònù rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti bá iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣe mọ̀ pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé láti kọ orúkọ. Àìkọ orúkọ ní èrè fún ẹni tí kò kọ ọ́, nítorí pé ohun tí kò sí nínú ìwé, a lè sẹ́ ẹ.

Àbí òfin kò sí ni? Ó wà o. Lóòótọ́, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà jáde ni ó dojú kọ jùlọ, ibi tí a ti ń kọ́lé kò rí ààbò nínú rẹ̀ bí ó ti yẹ. Lóòótọ́ náà, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin titun lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n kò rí ìbuwọ́lù ààrẹ. Síbẹ̀, òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kejìlá ọdún 2010, lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa tàbí tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́. Òfin yìí kò sọ pé ẹni tí ó ní lẹ́tà lọ́wọ́ nìkan ni òṣìṣẹ́. Ó ní àdéhùn ẹnu tó, àdéhùn ìwé tó. Òṣìṣẹ́ pẹ́ títí, òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀, alágbàṣe tí a mú lẹ́bàá títì, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, gbogbo wọn ni ó kà mọ́ òṣìṣẹ́.

Kí ni ó ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe? Kí ó máa san kọ́bọ̀ kan lórí náírà kọ̀ọ̀kan tí ó ń san fún òṣìṣẹ́, sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń tọ́jú, kí ó má sì yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Bí owó tí ẹnì kan ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lóṣù bá jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, ẹgbàárùn-ún náírà péré ni tirẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kú lẹ́nu iṣẹ́, tí ó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tí òun nìkan ń bọ́, òfin ní kí wọ́n máa san ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ fún wọn lóṣooṣù. Ẹni tí ń gba ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà lóṣù, ìyẹn ₦100,000, ₦90,000 ni ti àwọn ará ilé rẹ̀. Kì í ṣe àpò ìrẹsì kan àti "ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Opó yóò dé ọ́fíìsì, wọn yóò béèrè ẹni tí ó gba ọkọ rẹ̀ síṣẹ́, ọjọ́ tí ó gbà á àti iye tí ó ń san. Ọdún kan ni òfin fún un láti fi béèrè. Bí ó bá jẹ́ pé "Kútọ̀nú" ni gbogbo ayé mọ ọkọ rẹ̀ sí, kí ni yóò fi hàn? Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kíkọ orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìla kan nínú ìwé ni yóò pinnu bóyá àwọn ọmọ náà yóò máa lọ sí ilé-ìwé.

Mo mọ̀ pé àwọn lébìrà mìíràn pàápàá kì í fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà àti àwọn tí ń lẹ táìsì ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ó wá láti Benin àti Tógò, ẹ̀rù ìwé ìgbélùú sì ń bà wọ́n. Kí a jẹ́ kí ó yé wọn pé ìwé ibi iṣẹ́ kì í ṣe ìwé ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ "àkókò rẹ̀ ló tó." Bí ẹnì kan bá já láti orí ilé, ohun tí a máa ń sọ nìyẹn, a ó sì fi bo ẹjọ́ náà mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà ti gbà á gbọ́. Wọ́n á mu paraga kí ojú má baà kọ́ wọn, wọ́n á ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ àwọn pápá ìṣeré Olympic ọdún 2012, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kò sí ẹnì kan tí ó kú sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ṣé orí gbogbo wọn ni ó dára ju ti àwọn ọmọ wa lọ ni? Rárá o. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Kí a sì tún wo ti Bangladesh, nítorí pé ó jọ Àlàbá púpọ̀. Ilé alájà mẹ́jọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza. Ṣọ́ọ̀bù àti báńkì wà nísàlẹ̀, àwọn tí ń rán aṣọ wà lókè pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ ńláńlá, wọ́n sì fi àjà kún un láìgba ìwé àṣẹ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, wọ́n rí i pé ara ilé náà ti sán. Báńkì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun má wá mọ́. Àwọn aránṣọ ni wọ́n ní kí wọ́n padà wọlé ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì ń fi owó iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ wọn. Ilé náà wó ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ènìyàn 1,134 sì kú. Ẹni tí ó lè kọ iṣẹ́ kí owó rẹ̀ má bọ́ ni ó yè.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọjà Àlàbá àti ẹ̀yin tí ẹ ni plásà, ẹ má jẹ́ kí a gbé páànù kọnkéré kankan sókè kí ìwé orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà: orúkọ, ìlú, nọ́ḿbà fóònù, àti nọ́ḿbà ará ilé ẹni. Ìwé eléré ọmọ iléèwé tó bẹ́ẹ̀. Kí a lẹ orúkọ onílé, agbaṣẹ́ṣe àti ẹnjiníà mọ́ iwájú ilé, kí ẹnikẹ́ni má baà pa fóònù. Kí ẹnjiníà tàbí fóòmáànù bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀ ní èdè tí ó yé wọn, Yorùbá, Ègùn, Haúsá tàbí Ìgbò, kí ó sọ ibi tí ó léwu lọ́jọ́ náà. Bí ẹnjiníà bá yọwọ́, kí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó bá sì sọ pé, "Ọ̀gá, pákó yìí kò dára," kí owó ọjọ́ rẹ̀ má tìtorí rẹ̀ bọ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ LASBCA, ti Àjọ Ètò Ààbò Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ti Ìbà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ tí ẹ béèrè àwòrán ilé, ẹ béèrè ìwé orúkọ pẹ̀lú. Bí kò bá sí, kí iṣẹ́ dúró. Ó sàn kí ẹ dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ kan ju kí ẹ wá fi katakata hú òkú lọ.

Ó kù sọ́wọ́ àwa oníṣòwò. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré àjà lókè orí wa, ẹ jẹ́ ká ti ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé owó ọjọ́ kan dùn ún pàdánù. Oníṣòwò ni èmi náà. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà tiwa ni Àlàbá, àwọn ọmọ tí ń gun pákó níbẹ̀ sì wà lójú wa.

 Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ibi.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Oníṣòwò kan,
Ọjà Àlàbá, Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.